Ibi Tí Bàbá Sàníù Ti Ń Gbọ́ Ọ

N kò fi iyọ̀ kankan sí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kí ó wá dúró síbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́.

Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń sọ ẹ̀gẹ́ di ìyẹ̀fun ni mo ti ń ṣiṣẹ́, lọ́nà oko, lẹ́yìn Ìyànà Ọ̀fà. Èmi ń bẹ ẹ̀gẹ́. Roheem ọkọ mi ló ń kó gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ inú kòtò tí omi ẹ̀gẹ́ ń ṣàn sí.

Nígbà tí òṣìṣẹ́ kan dákú nídìí kòtò náà, ọ̀gá wa mú Ẹnjinía Elijah wá láti Ìbàdàn. Ó kó àwọn ẹ̀rọ kékeré dání, tí kò ní wáyà. Bí wọ́n bá ti gbọ́ òórùn gáàsì olóró tó ń jáde lára omi ẹ̀gẹ́, wọn á pariwo. Ó ní ohun tí ojú kò rí ni wọ́n ń gbọ́.

Ó gbé wọn kọ́ káàkiri títí ó fi ku ẹyọ kan. Ó bi wá bóyá a ń gbọ́ òórùn nídìí kòtò. A ní rárá. Òórùn náà ti mọ́ wa lára débi pé imú wa kò gbọ́ ọ mọ́. Ó wá yíjú sí Bàbá Sàníù, tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá, níbo lẹ ti máa ń gbọ́ ọ jù?"

Bàbá mú wa lọ sí ògiri kan lẹ́yìn ibi tí a ń sá ẹ̀gẹ́ sí. Ẹnikẹ́ni kì í dé ibẹ̀.

"Níbí ni. Bí mo bá ti kírun ìrọ̀lẹ́ tán."

Elijah gbé ẹ̀rọ tó kù kọ́ síbẹ̀.

Kò pẹ́ sígbà náà ni Roheem wọ kòtò láàárọ̀ ọjọ́ kan, kò sì jáde láàyè. Ẹ̀rọ kankan kò pariwo. Ẹkún yẹn kò tíì tán nínú mi, kò sì ní tán.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí a sin ín, nígbà tí mo wá kó ẹrù rẹ̀ ní ilé iṣẹ́, ẹ̀rọ ara ògiri bẹ̀rẹ̀ sí í ké. A sáré lọ. Elijah, tí ọ̀gá ti pè padà nítorí ikú náà, yẹ ibẹ̀ wò, kò sí gáàsì. Ó yọ bátìrì rẹ̀. Ó ṣì ń ké. Elijah bi Bàbá irú òórùn tí wọ́n ń gbọ́ níbẹ̀.

"Òórùn kẹ̀? Ohùn ni. Mo rò pé ẹ̀rọ yín máa bá wa lé e."

"Ohùn ta ni?"

Bàbá wolẹ̀. "Ti Roheem. Ó ń pe Kifayah."

Èmi ni Kifayah. Ọjọ́ tí Bàbá fi ògiri yẹn hàn wá, Roheem ṣì wà láàyè. Ẹ̀gbẹ́ mi ló dúró sí.

Elijah lọ, kò padà wá. Ẹ̀rọ náà ṣì wà lára ògiri, láìní bátìrì. Ní ìrọ̀lẹ́, bó bá ti ké tán, gbogbo ibẹ̀ á dákẹ́. Èmi náà á wá gbọ́ Roheem tó ń pè mí. Àwọn àgbà ní ènìyàn kì í jẹ́ ìpè ẹni tí kò rí. N kò jẹ́ ẹ. Mo kàn ń sunkún.

Lánàá, ohùn náà yí padà. Ohùn obìnrin ni. Ó ń pe Hàjàrá, ọmọ wa, tó wà nílé lọ́dọ̀ ìyá mi.

Mo mọ ohùn yẹn. Ohùn mi ni.