Alálàyé Dé Ilé Àna

Ohun tí ẹ ń fura sí náà ni: ẹni tó ń túmọ̀ ayé fún ará ayé, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni kì í sọ délé àna.

Ọjà Rye Lane ní Peckham, nílùú òyìnbó, ni Roqeeb ti kọ́kọ́ rí Rahmah. Roqeeb gbé fóònù sẹ́nu níwájú ẹlẹ́ja, ó ń ṣe ètò rẹ̀ lórí rédíò Yorùbá, níbi tó ti máa ń ṣàlàyé ìròyìn kan ní ìṣẹ́jú kan. Ìdí tí ẹja fi wọ́n ló kàn. Ọmọbìnrin kan tó wọ aṣọ nọ́ọ̀sì, tó we hìjáàbù àwọ̀ ewé, fa ẹja ńlá kan lẹ́rẹ̀kẹ́ sókè bí ẹni ń bá ọmọ aláìgbọràn wí.

"Uncle Alálàyé, ẹ ti ṣàlàyé tán, owó ẹja ò tíì wálẹ̀ o!"

Roqeeb gbàgbé ìyókù ìròyìn.

Láti ìgbà náà, bí Rahmah bá parí shift ní ọsibítù ní Camberwell, Roqeeb á ti wà ní bus stop. Bí bọ́ọ̀sì bá ti gbéra, á máa ṣàlàyé council tax, owó orí ilé.

"Olówó orí mi, mí díẹ̀," Rahmah á ní, á rọra gbórí lé e léjìká.

Ìyá Rahmah, Alhaja Àsúmáù, ni kò rẹ́rìn-ín. "Iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Ó ń ṣàlàyé ìròyìn, Mummy."

"Ìròyìn ò lẹ́nu ni?"

Roqeeb dá lọ sílé Alhaja, ó dọ̀bálẹ̀ ní pálọ̀. "Mà, ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹ mọ̀..."

"Dákẹ́! Ṣé ọkọ ìyàwó ló ń fẹnu ara ẹ̀ tọrọ ìyàwó? Lọ mú àgbà wá. Tó o bá tún lanu níbí, mi ò fún ẹ lọ́mọ."

Ó mú àbúrò bàbá rẹ̀ wá, Uncle Ọládiméjì. Uncle wúkọ́. "Alhaja, rédíò lọmọ wa ń ṣe. Bó ti wù kó bàjẹ́ tó, tó bá ti fọwọ́ kàn án, á sọ̀rọ̀."

Roqeeb wà ní ìdọ̀bálẹ̀. Àlàyé gùn ún dé ọ̀nà ọ̀fun. Ó wo Rahmah, ó gbé e mì. Ẹnu tí gbogbo Peckham mọ̀ pa dé. Orí Rahmah wú: nítorí òun ni!

"Àṣé ó níṣẹ́ ọwọ́, kì í sì í ṣe aláròyé," Alhaja wí. "Mo gbà."

Wọ́n so yìgì ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Alhaja ṣàdúrà fún tọkọtìyàwó, ó wá gbé rédíò ńlá kan lé ọkọ ìyàwó lẹ́sẹ̀. "Ọmọ mi, bá mi tún un ṣe."

Roqeeb ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí ẹ̀yìn rédíò.