Ọwọ́ Ọ̀tún Emmanuella

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Étienne mú àáké lọ gé àgbélébùú orí sàréè ọmọ rẹ̀, igi náà gbóná. Ọyẹ́ mú débi pé ètè ń là, ṣùgbọ́n igi náà gbóná bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà á yọ lábẹ́ ìkòkò. Étienne pòṣé.

"Bó o gbóná, bó ò gbóná, wàá di igi ìdáná lónìí."

Inú oko kajú wọn ní Akpassi ni sàréè náà wà, níbi tí ahéré wà tẹ́lẹ̀. Àwọn ọdẹ ọ̀yà ló tiná bọ igbó. Afẹ́fẹ́ gbé e, Emmanuella sì ti wọ ahéré lọ sinmi. Nígbà tí wọn yóò fi débẹ̀, iná ti jẹ gbogbo ara rẹ̀, àfi ọwọ́ ọ̀tún. Ọwọ́ náà mọ́ tónítóní, ìka rẹ̀ ká kò bí ìka ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń fà lọ sọ́jà. Wòlíì ìjọ aláṣọ funfun wọn sọ pé àmì ni, pé ìyà kì í jẹ onígbàgbọ́ lásán.

"Àmì kí ni?" Étienne bi í. "Ṣé ọwọ́ kan ni mo bí ni?" Láti ọjọ́ náà, kò fi sùtánà kan ara mọ́.

Suzanne ìyàwó rẹ̀ ti bẹ̀ ẹ́: "Bàbá Emmanuella, bí ẹ bá gé e, kí la óò máa wò?"

"Ká máa wolẹ̀. Ilẹ̀ kì í parọ́."

Ó sọ àáké lu igi. Kò dún. Ó tún sọ ọ́. Kò dún. Òórùn èéfín gbòde, bẹ́ẹ̀ ni kò síná níbì kankan. Nígbà tó yíjú, ọkùnrin kan jókòó sórí gbòǹgbò kajú tó jóná, ó wọ sùtánà, kò wọ bàtà, ó fi ọwọ́ ọ̀tún pamọ́ sínú ẹ̀wù. Eérú kún ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò sì dúdú. Ọkùnrin náà kò kí i.

"Ṣé o ò rí àgbà ni? Wòlíì ló rán ọ, àbí?"

"Rárá."

"Tó o bá rí Ọlọ́run rẹ, bi í fún mi: níbo ló wà nígbà tí iná ń jó ọmọ mi?"

"Nínú ahéré." Ohùn rẹ̀ kò ju ti ewé gbígbẹ lọ.

"Irọ́!"

Ọkùnrin náà fa ọwọ́ rẹ̀ yọ. Awọ rẹ̀ ti súnkì bí èèpo kajú tó bọ́ síná. Ṣùgbọ́n ní àtẹ́lẹwọ́, ibì kan wà tí iná kò kàn: ojú ibi tí ìka kéékèèké ti dì í mú. Étienne mọ àwọn ìka náà. Òun ló máa ń gé èékánná wọn.

"Ó ní kí n má fi òun sílẹ̀," ni ọkùnrin náà wí. "N kò fi í sílẹ̀."

Síbẹ̀, ìbínú Étienne kò kú. "Kí ló dé tó ò fà á jáde?"

Ọkùnrin náà ń sunkún. Omijé rẹ̀ bọ́ sórí eérú, ó sì ń yọ èéfín. Nígbà tí Étienne nu ojú tirẹ̀, kò rí ẹnikẹ́ni, kò rí ojú ẹsẹ̀. Ó fọwọ́ kan igi. Ó ti tutù.

Kò gé e. Kò sì sọ pé òun dárí ji ẹnikẹ́ni.

Kò pẹ́ sígbà náà, epo àkàrà gbígbóná dà sí Houlératou lára, ọmọ Boukari aládùúgbò wọn. Wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn ní Savalou. Kò sẹ́ni tó ránṣẹ́ sí Étienne. Ó gun alùpùpù lọ.

"Bàbá," ni Boukari wí, "pẹ̀lú gbogbo ohun tójú yín ti rí, kí lẹ tún wá wò níbí?"

"N ò wá wòran. Ọwọ́ ni mo mú wá."

Ó jókòó, ó di ọwọ́ òsì ọmọ náà mú. Igbe Houlératou rọlẹ̀. Ó lajú.

"Bàbá Emmanuella," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ta lẹni tó di ọwọ́ mi kejì mú?"

Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Òórùn èéfín gba inú yàrá. Étienne kò jọ̀wọ́ ọmọ náà. Ó payín keke, ó sì kọjú sí òdìkejì ibùsùn.

"Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Lọ́tẹ̀ yìí, fà á jáde."