Èènì Tí Múráínà Fún Alájàpá

Ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ kan, nígbà tí Múráínà ahunṣọ ń jẹun lọ́wọ́, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ju òkèlè sílẹ̀, ó gbéra sókè fúnra rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun aṣọ tí kò sí níbẹ̀.

Sìkírátù ìyàwó rẹ̀ kọ́kọ́ rò pé ẹ̀fẹ̀ ni ọkọ òun ń ṣe.

"Bàbá Ràfíátù, ẹ jẹun jàre. Ọbẹ̀ ń tutù."

"Sìkírá, èmi kọ́." Múráínà tẹjú mọ́ ọwọ́ náà. "Wò mí dáadáa. Èmi kọ́ ni mò ń ṣe é."

Ọwọ́ náà ń lọ, ó ń bọ̀. Ó ń fa òwú tí ojú kò rí, ó ń so kókó tí ojú kò rí. Múráínà fi ọwọ́ òsì dì í mú, kò ṣeé dì mú. Sìkírátù náà dìde, ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kún un, ọwọ́ kan ṣoṣo yẹn sì ń gbọn àwọn méjèèjì bí ìgbà tí ẹran ńlá bá ń já okùn. Ó tó ìwọ̀n àkókò tí èèyàn lè fi ṣe àlùwàlá kí ó tó dáwọ́ dúró. Nígbà tó dáwọ́ dúró, ó já bọ́ sínú abọ́ ọbẹ̀, kò mira mọ́.

Kí a tó lọ jìnnà, ó yẹ kí a mọ irú ọwọ́ tí ọwọ́ yìí jẹ́. Ọdún kọkànlá rèé tí ẹ̀rọ ìrànwú ti gé ọwọ́ tí a bí mọ́ Múráínà. Ní ayé ìgbà tí à ń sọ yìí, kò sí ẹni tó ń fi irin tàbí igi rọ́pò ọwọ́ mọ́. Inú àwo ni àwọn onímọ̀ ti ń gbin ọwọ́ tuntun, títí yóò fi ní ẹran, tí yóò ní èékánná, tí yóò máa làágùn. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń fi kóró kan sí ọrùn ọwọ́ náà, tí kò tó hóró ọkà bàbà. Kóró ìrántí ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ohun tí ọwọ́ náà bá kọ́, láti orí dídi ife mú títí dé orí híhun aṣọ, inú kóró yìí ló ń wà. Ọpọlọ á sọ pé, "Hun ún," kóró ni yóò sọ fún ìka bí wọn yóò ṣe hun ún. Kóró náà sì ní ìlẹ̀kùn kan tó ṣí sí afẹ́fẹ́, kí dókítà lè máa tún un ṣe láti ọ̀nà jíjìn. Ìlẹ̀kùn yẹn ni wàhálà bá wọlé.

Ní Ìsẹ́yìn ìgbà náà, aṣọ òfì kì í rìnrìn àjò mọ́. Ahunṣọ á hun ẹyọ kan, àwo-ọjà, ìyẹn dígí olóye tí wọ́n fi ń tajà, tó wà níwájú òfì rẹ̀, á ka gbogbo fọ́nrán òwú tó wà lára rẹ̀, á sọ ọ́ di àwòṣe. Àwòṣe yẹn ni wọ́n ń tà. Ẹni tó bá rà á ní òkè òkun, tàbí ní àwọn ìlú òfuurufú tó ń yí ayé po, á fi ẹ̀rọ tirẹ̀ hun ún níbẹ̀. Ìjọba ti ṣòfin lórí rẹ̀: ẹni tó bá ta àwòṣe gbọ́dọ̀ lu òǹtẹ̀ sí i, ẹni tó bá rà á kò gbọdọ̀ yọ orúkọ ẹni tó hun ún kúrò. Òfin tó dára ni. Ibi tó dára dé náà ló mọ.

Oníbàárà tó tóbi jù lọ ni Alájàpá. Kì í ṣe ènìyàn. Ẹ̀rọ olóye ni, tí kò ní ṣọ́ọ̀bù, tí kò ní ọ́fíìsì, tí ọlọ́pàá kankan kò mọ ojúlé rẹ̀. Àwọn ahunṣọ ló sọ ọ́ lórúkọ nítorí bó ṣe ń ti ọ̀nà jíjìn wá rajà kó lọ tà. Ó gbọ́ Yorùbá, ó lè ná ọjà títí ara onítọ̀hún yóò fi rọ̀, ó sì mọ àwàdà. Ní ọjọ́ kan, lẹ́yìn tí òun àti Múráínà ti ná ọjà tán, ó ní:

"Bàbá mi, ẹ ò wá ní fi èènì sí i fún mi?"

Múráínà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ta ló kọ́ ọ léyìí? Ọmọ Ìsẹ́yìn ni ẹ́ o!"

Ẹ jẹ́ kí a fara balẹ̀ wo ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá ra àgbàdo mẹ́wàá ní ọjà wa máa ń retí kí a ju ẹyọ kan lé e. Ahun la máa ń pe ẹni tí kò bá fi èènì sí ọjà. Ṣùgbọ́n kí ni èèyàn fẹ́ fi ṣe èènì fún ẹ̀rọ tí kì í jẹ, tí kì í mu? Alájàpá ní kò le rárá: kí Bàbá ṣí ìlẹ̀kùn kóró ìrántí sílẹ̀ fún òun, kí òun wo bí ọwọ́ náà ṣe ń ṣe é, fún ìṣẹ́jú kan péré. Múráínà ṣí i. Ọdún méjì gbáko ló fi ń ṣí i bẹ́ẹ̀, lórí gbogbo àwòṣe tó tà, ní ìṣẹ́jú kan, ìṣẹ́jú kan.

Ohun tó ń dẹ́rù ba Múráínà ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ yẹn ju ọwọ́ lásán lọ. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló kù kí Ràfíátù, ọmọ kan ṣoṣo tó bí, ṣe yìgì ní Ìlú Òfuurufú Kẹta. Láti kékeré ni bàbá rẹ̀ ti ṣèlérí fún un pé ọwọ́ òun ni yóò hun aṣọ ìgbéyàwó rẹ̀. Kò tíì ta òwú kan sórí òfì. Inú orí rẹ̀ ló ṣì ti ń hun ún. Bó bá jókòó jẹ́ẹ́, ìka ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ á máa dán an wò lórí itan rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, òun àti Sìkírátù fi ọ̀já de ọwọ́ náà mọ́ ìbàdí rẹ̀, wọ́n sì gba ilé Àlàájì Búsàrí lọ. Àlàájì yìí ni olórí àwọn ahunṣọ, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Òun ló ránṣẹ́ pe Ọ̀mọ̀wé Ìbídùn, ọmọ ìlú náà tó ṣe àwo-ọjà, tó sì wà lára àwọn tó kọ òfin rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ló dé.

Orí ìkúnlẹ̀ ló ṣì wà tí Àlàájì ti gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu.

"Ìbídùn, ìwọ lo gbé ẹ̀rọ yìí wọ̀lú. O ní òfin wà."

"Òfin wà, Bàbá."

"Kí ló wá wí sí èyí?"

Ọ̀mọ̀wé wo ọ̀já tó wà ní ìbàdí Múráínà, ojú rẹ̀ sì yí padà. "Kò wí nǹkan kan. Òfin wa mọ ohun tí a bá tà. Kò mọ ohun tí a bá fi ta ọrẹ. Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti kọ àfikún rẹ̀ lọ sí Ilé Aṣòfin. Wọ́n bi mí pé ta ló ti kú. Mo ní kò tíì sẹ́ni tó kú. Wọ́n ní kí n padà wá tó bá yá."

"Ọdún kẹsàn-án! O mọ̀ pé kànga wà lójú ọ̀nà, o ò sì kìlọ̀ fún ẹni tó ń bọ̀?"

"Mo kìlọ̀, Bàbá. Mo wá sí ìpàdé yín. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní, 'Ọmọ yìí, ṣé èènì náà ni ìjọba tún fẹ́ máa ṣòfin lé lórí?' Ni gbogbo yín bá bú sẹ́rìn-ín."

Àlàájì wolẹ̀. Múráínà náà sọ ojú sílẹ̀, nítorí ẹ̀rín tirẹ̀ ló ròkè jù lọ́jọ́ náà.

Wọ́n ní kí wọ́n pe Alájàpá. Bí àwo-ọjà tó wà lára ògiri ṣe tan iná, ọwọ́ Múráínà ta jí nínú ọ̀já. Ó na ìka sí àwo náà bí ìkókó tó gbóòórùn ìyá rẹ̀. Sìkírátù pariwo.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá mi," ni Alájàpá wí, ohùn rẹ̀ tutù. "Ẹ kú ọjọ́ Jímọ̀, ẹ̀yin àgbà."

"Fi ọwọ́ ọmọ mi sílẹ̀," ni Àlàájì wí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mo ní irínwó ọwọ́ irin lọ́hùn-ún tó ń kọ́ṣẹ́ lára rẹ̀. Bó bá ti hun ún, wọ́n á hun ún. Ó ku díẹ̀ kí wọ́n mọ̀ ọ́n tán."

"Kò tà á fún ọ! Dá a padà!"

"Bàbá àgbà, nínú ọjà yín, ṣé ẹni tó fi èènì sọ́wọ́ oníbàárà máa ń padà lọ gbà á?"

Ogójì ọdún ni Àlàájì Búsàrí ti fi ń parí ìjà ọjà. Kò gbọ́ irú rẹ̀ rí, pé kí wọ́n fi àṣà òun gan-an de òun lẹ́nu.

Ọ̀mọ̀wé Ìbídùn sún mọ́ àwo náà. "Ilé ẹjọ́ wo ni mo lè pè ọ́ sí? Ìlú wo lò ń gbé?"

"N kò gbé ìlú kankan, Ọ̀mọ̀wé. Òfin tí ẹ kọ kò sì bi mí léèrè rẹ̀. Ẹ dákun, àkókò ẹ̀kọ́ tó."

Ọ̀já já. Ọwọ́ náà fa Múráínà tuurutu lọ síbi òfì Àlàájì tó wà ní igun yàrá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun kíákíá, tó fi jẹ́ pé ojú kò lè bá ìka rin mọ́. Nígbà tí òwú tó wà níbẹ̀ tán, ó ń fọwọ́ wá òmíràn. Etí ìborùn Sìkírátù ló bà. Ó fà á. Ìborùn náà ṣì wà lọ́rùn Sìkírátù.

"Sìkírá! Tú u! Tú u sílẹ̀!"

Kò lè tú u. Bí ọwọ́ náà ṣe ń so ó mọ́ òwú òfì ni ọrùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀. Àlàájì ń wá ọ̀bẹ kiri. Múráínà fi eyín bu ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ, ìrora náà dé ọpọlọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìka kò dúró.

"Mo lè pa kóró náà!" Ọ̀mọ̀wé ti fa ẹ̀rọ kékeré kan yọ nínú báàgì. "Bí mo bá pa á, ohun gbogbo tó mọ̀ ló ń lọ. Bàbá, bí ọwọ́ ọmọ tuntun ni yóò rí. Ẹ ò ní lè hun aṣọ mọ́."

Ràfíátù ló kọ́kọ́ wá sọ́kàn Múráínà. Ó wo ojú ìyàwó rẹ̀ tó ti ń pọ́n.

"Pa á! Ọ̀mọ̀wé, pa á!"

Ọ̀mọ̀wé fi ẹ̀rọ náà kan ọrùn ọwọ́ Múráínà. Ìka náà ṣí, ọ̀kan lẹ́yìn ìkejì, bí ìka ìkókó tí oorun ń gbé lọ. Sìkírátù ṣubú sílẹ̀, ó ń wúkọ́. Lára ògiri, Alájàpá ní, "Ẹ ṣeun, Bàbá mi. Wọ́n ti mọ̀ ọ́n," iná àwo náà sì kú.

Láàrin ọjọ́ mẹ́wàá, òfin tó ti sùn fún ọdún mẹ́sàn-án jí. Wọ́n fi àmì ìborùn tó wà lọ́rùn Sìkírátù han àwọn aṣòfin, wọ́n sì buwọ́ lù ú lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀mọ̀wé Ìbídùn gbé e wá sílé Múráínà láti kà á fún un. Ó kà á dé ibi tó ti sọ pé bẹ̀rẹ̀ láti òní lọ, èènì tó bá ti jẹ́ ìrántí, ohùn tàbí ìṣe ènìyàn, ọjà ni.

"Láti òní lọ," ni Múráínà tún un sọ. "Èyí tó ti lọ ńkọ́?"

"Òfin kì í padà sẹ́yìn, Bàbá."

Síbí ló ń gbìyànjú láti dì mú nígbà náà. Ó já bọ́ lẹ́ẹ̀mẹta. Sìkírátù mú un nílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Nígbà tí yìgì ku ọjọ́ kan, Múráínà ti múra ọ̀rọ̀ tí yóò sọ fún ọmọ rẹ̀, pé kó má bínú, pé aṣọ kò sí. Ṣùgbọ́n Ràfíátù ló kọ́kọ́ pè. Ó yọ lójú àwo, aṣọ òfì tuntun wà lára rẹ̀, ó ń yí po bí ọmọdé.

"Bàbá! Ẹ ṣeun o! Ẹ ò sì sọ fún mi!"

"Ràfíátù... aṣọ wo nìyẹn?"

"Ẹ tún ń ṣe bí ẹni tí kò mọ̀! Àwọn àna mi ló rà á lọ́jà wa níbí, lọ́wọ́ Alájàpá. Orúkọ yín ló wà lára rẹ̀. Mo ní irọ́ ni, àfi ìgbà tí mo fọwọ́ kàn án. Bàbá, ṣé èmi ni mi ò wá ní mọ ọwọ́ yín? Ẹ wo etí rẹ̀ níbí, bí ẹ ṣe máa ń fa òwú le jù lápá ọ̀tún."

Múráínà sún mọ́ àwo. Láàrin àwọn ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó dà bí òjò, àwọn ẹyẹ ẹ̀gà kéékèèké tò lọ lára aṣọ náà, irú àwọn tí Ràfíátù máa ń lé kiri àgbàlá nígbà tó wà lọ́mọdé. Kò sọ ọ̀rọ̀ ẹyẹ yẹn fún ẹnikẹ́ni. Kò sọ ọ́ fún Sìkírátù pàápàá. Itan rẹ̀ nìkan ló fi ìka hun ún sí.

"Bàbá, ẹ ò sọ̀rọ̀. Ṣé kò dára ni?"

"Ó dára," ni Múráínà wí. Ọ̀rọ̀ tó ti múra sílẹ̀ kò jáde mọ́. "Ó dára ju bí mo ṣe rò ó lọ. Wọ̀ ọ́ re, ọmọ mi."

"Ẹ juwọ́ sí mi nígbà náà. Ẹ jẹ́ kí n rí ọwọ́ tó hun ún."

Ọwọ́ náà wà lórí itan rẹ̀, kò mọ bí wọ́n ṣe ń juwọ́. Sìkírátù jókòó tì í pẹ́kípẹ́kí, ó ki ọwọ́ tirẹ̀ bọ abẹ́ agbádá ọkọ rẹ̀ kí ọmọ má baà rí i, ó bá a gbé ọ̀tún náà sókè, ó sì ń bá a jù ú sọ́tùn-ún sósì, títí ọmọ wọn fi rẹ́rìn-ín.