Kakí Bàbá Kò Tó Oyin Mọ́

"Ẹ ti gbọ́ nípa ọmọ yẹn? Èyí tó ń gbé lọ́dọ̀ Bàbá Olóyin..."

"Túnráyọ̀? Ọmọ jẹ́jẹ́ yẹn? Kí ló..."

"Wọ́n ní ó dúró sétí ọ̀nà, ó káwọ́ gbera, ó ní kí oyin..."

"Ẹ̀gbọ́n ìyá ẹ̀? Haà!"

"Ó ní kí wọ́n ta á pa. Ẹni tó wà níbẹ̀ ló sọ fún..."

Èmi Túnráyọ̀ gan-an wà lẹ́yìn ògiri balùwẹ̀, mo gbé korobá omi dání. Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Kí n tó gbé omi wọlé, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò nídìí ẹ̀rọ omi, ó ti dé ojúlé kẹta. Inú bí mi débi pé omi ń dà sí mi lẹ́sẹ̀, n ò mọ̀.

Agbowó n'Íbàdàn là ń gbé, lọ́dún 1986. Ọmọ Ṣakí ni mí. Ọ̀dọ̀ Bàbá Adégbìtẹ́, ẹ̀gbọ́n ìyá mi tí àdúgbò ń pè ní Bàbá Olóyin, ni wọ́n fi mí sí kí n lè parí ìwé mẹ́wàá. Ìdánwò wa kò pé oṣù méjì mọ́.

Bàbá ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀ṣọ́ igbó ìjọba. Nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sin oyin lóko wọn ní Akobo, àpótí méjì péré ni. Kakí aláwọ̀ ewé tó dúdú tí ìjọba fún wọn ni wọ́n ń wọ̀ lọ. Wọ́n rán àwọ̀n ẹ̀fọn mọ́ etí fìlà koríko, ó parí. Nígbà yẹn, ó tó. Ṣùgbọ́n àpótí méjì di mẹ́sàn-án. Kakí ń gbó, Bàbá ń sanra. Ó há mọ́ wọn léjìká, ibi tí aṣọ bá sì ti lẹ̀ mọ́ ara, ibẹ̀ gan-an ni oró oyin ń gbà wọlé. Àwọ̀ tó bá dúdú bẹ́ẹ̀ tún máa ń bí oyin nínú.

Èmi ni mo máa ń fọn èéfín fún wọn: agolo mílíìkì tí a lu ihò sí lára, tí a ki èèpo àgbọn sí nínú. Bí a bá ṣe tán, èmi náà ni mo máa ń fi èékánná yọ oró kúrò lẹ́yìn wọn. Lóṣù Ṣẹẹrẹ, mẹ́ta ló gba inú aṣọ kọjá. Mo dákẹ́. Lóṣù Èrèlé, mọ́kànlá. Mo ki ọwọ́ bọ inú kakí náà, mo nà án sí oòrùn, mo ń rí ìka mi márààrún. Mo tún dákẹ́. Ta ni èmi tí n ó sọ fún ẹ̀ṣọ́ igbó pé aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ ti kú?

Sátidé kan lóṣù Ẹrẹ́nà ni mo tó la ẹnu. Ọláṣùmbọ̀, ọmọ ojúlé kejì tí a jọ wà ní kíláàsì kan náà, tẹ̀lé wa lọ nítorí àtilá oyin. Ó dúró létí ọ̀nà. Bàbá ń gbọn kakí wọn.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, aṣọ yìí..."

"Kí ló ṣe é?"

"Kò tó mọ́, sà."

"Kò tó? Nígbà tí mo ń wọ kakí yìí lé àwọn agégi nínú igbó, wọn ò tíì bí ọ! Ojú tó ti rí òkun, ọ̀sà ló fẹ́ wá dẹ́rù bà á?"

Ọláṣùmbọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Túnráyọ̀ télọ̀! Ẹ wọn Bàbá wò, ẹ̀yin télọ̀ Agbowó!"

Ẹ̀rín yẹn ló já okùn inú mi. Mo sọ̀rọ̀ sí Bàbá. N kò tíì bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí, ohùn mi le. Mo yí padà, mo ń lọ sójú ọ̀nà, agolo èéfín ṣì wà lọ́wọ́ mi.

Bàbá náà ti bínú. Wọn ò pè mí padà. Wọ́n ṣí àpótí láìsí èéfín.

Igbe wọn ni mo gbọ́. Mo sáré padà, mo fọn èéfín lé wọn lórí, mo fà wọ́n jáde. Oyin ta èmi náà, ó lé ní mẹ́wàá. Nígbà tí a fi máa dé ilé ìwòsàn, ojú Bàbá ti dí, ètè wọn ti wú, ọ̀rọ̀ ò ṣeé sọ fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ọjọ́ mẹ́ta yẹn ni Ọláṣùmbọ̀ fi ń sọ tirẹ̀ káàkiri.

Ọjọ́ kejì tí Bàbá padà sílé, Bàbá Àjàgbé, olórí ẹbí wa n'Íbàdàn, wá láti àdúgbò Challenge. Wọn ò tilẹ̀ jókòó.

"Palẹ̀ ẹrù rẹ mọ́. Ọ̀la lo máa wọkọ̀ Ṣakí."

"Bàbá, ìdánwò mi..."

"Ìdánwò? Ẹni tó ń rán ẹ lọ síléèwé lo fà lé oyin lọ́wọ́!"

Ìyàwó Bàbá, Màmá Moróunkẹ́, kò wo ojú mi. "Ẹní kan náà lòun àtọmọ mi ń sùn," ni wọ́n ń wí. "Ẹní kan náà!"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀!" Èmi ni mo pariwo yẹn. "Ẹ pe Ọláṣùmbọ̀ kó wá sọ ọ́ lójú mi!"

Wọ́n pè é. Ó dé, ó ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ ha ilẹ̀.

"Kí ni Túnráyọ̀ sọ?" Bàbá Àjàgbé bi í.

"Ó... ó bínú gan-an, sà. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ pọ̀. Mi ò rántí ẹ̀ tán."

"O ò rántí tán, o sì ń rò ó kiri ojúlé?"

Ilẹ̀kùn yàrá ṣí. Bàbá jáde, wọ́n di ògiri mú, ojú kan ṣì dí. Ọ̀rọ̀ ń jáde díẹ̀díẹ̀.

"Ọmọ yìí ò lọ síbì kankan. Ó ṣẹ̀ mí, ó gbé èéfín lọ. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ ṣẹ̀. Oyin mi ti di àpótí mẹ́sàn-án, mo ṣì ń wọ aṣọ àpótí méjì. Ìgbà tí oró àkọ́kọ́ bá ti gba inú aṣọ wọlé, aṣọ yẹn ti parí iṣẹ́ rẹ̀. Oyin ò mọ ẹ̀ṣọ́ ìjọba." Wọ́n yíjú sí mi. "Ìwọ náà, nígbà tí o rí mẹ́ta ló yẹ kí o ti sọ ọ́. Òótọ́ tí a bá fi pamọ́ títí tó fi di ìbínú, ìbínú rẹ̀ nìkan ni aráyé máa gbé kiri."

Omijé bọ́ lójú mi. Mo dọ̀bálẹ̀ tán kí n tó rántí pé obìnrin ni mí, mo wá kúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Bàbá Àjàgbé jókòó níkẹyìn. "Adégbìtẹ́, kí ló wá sọ gan-an? Bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni kí o sọ ọ́."

Bàbá mí kanlẹ̀.

"Ó ní: 'Bàbá, oró mọ́kànlá ni mo yọ lẹ́yìn yín lóṣù tó kọjá. Kakí yìí tó fún àpótí méjì, kò tó fún mẹ́sàn-án. Ẹ jẹ́ ká rán aṣọ funfun tó nípọn, tó sì fẹ̀, ká tó ṣí òmíràn. Bí ẹ bá wọ àárín oyin báyìí, n ò ní bá yín lọ, torí n ò lè máa ka oró lẹ́yìn ẹni tó ń tọ́ mi títí yóò fi kú mọ́ mi lójú.'"