Ẹ̀jẹ̀ Radoy Nínú Àwo Oníhò

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ká ẹsẹ̀ kò kí ibi ìjókòó lè gbà wá. Ìtàn ìfẹ́ ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n inú ẹ̀rù ni ìfẹ́ ọ̀hún gbà kọjá. Ẹ di àyà yín mú.

Ọjọ́ tí Vesela kọ́kọ́ rí Radoy, àgbò ló wà léjìká ọkùnrin náà. Òjò ti lu àwọn méjèèjì, omi ń kán tó-tó-tó láti ara irun àgbò sí ọrùn rẹ̀, ó sì dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ìlú wa, lẹ́sẹ̀ òkè Rodopi, bí ẹni tí wọ́n pè wá jẹ́jọ́. Darandaran ni. Ẹ̀jẹ̀ àgùntàn ni wọ́n fi ń wá àrùn nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn níbẹ̀, òun ni wọ́n sì ní kó máa mú ẹran wá lóṣooṣù.

Vesela, tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, mú abẹ́rẹ́. Àgbò ò mira. Radoy ló dijú.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra o!"

"Ta ni mo fẹ́ gún gan-an, ẹ̀yin ni àbí àgbò?"

"Ẹ gún un, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí n rí i."

Vesela rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ká tó wí ká tó fọ̀, àgbò tó yẹ kó máa wá lóṣooṣù ti ń wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Dókítà Gena, ọ̀gá wọn, obìnrin arúgbó tó lè sọ̀rọ̀, ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ fẹ́ ara yín kíá, kí ẹ̀jẹ̀ ẹran yìí má baà tán!"

Stanka, ìyá Vesela, ni kò fẹ́. "Ọkùnrin tó ń lo oṣù mẹ́fà lórí òkè! Ta ló mọ ẹni tí wọ́n jọ ń fa aṣọ ìbora?" Vesela bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà pẹ̀lú imú kíkákò. Wọ́n dá ìgbéyàwó sí Sátidé.

Ṣùgbọ́n lọ́dọ̀ wa, ìjọba kì í so ẹnikẹ́ni pọ̀ láìsí ìwé pé ẹ̀jẹ̀ wọn mọ́ kúrò lọ́wọ́ àrùn ìbálòpọ̀. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Radoy na apá, ó dijú gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Vesela kán omi ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn ọjọ́ náà sínú àwo oníhò, ihò kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ó kán ẹ̀jẹ̀ àgùntàn tí wọ́n ti fi ohun ara kòkòrò àrùn náà pa lára lé e. Bí àrùn ò bá sí, ẹ̀jẹ̀ á sọ̀ sísàlẹ̀, á di bọ́tìnnì pupa. Bí àrùn bá wà, á so mọ́ra, á tẹ́ bí ẹní.

Ó wò ó. Bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì. Bọ́tìnnì. Ó kan ihò Radoy: ẹní.

Bí ẹ̀rù bá mọ orin kọ, báyìí ni ì bá kọ ọ́ sí Vesela létí:

Ó tẹ́, ó tẹ́ bí ẹní,
Ẹní pupa nínú àwo,
Ìyàwó Sátidé,
Ta ló ti sùn lé e ṣáájú rẹ?

Ọjọ́ méjì ni kò lè jẹun, kò sì kọ èsì kankan sínú ìwé. Ní Wẹ́sídeè, Radoy gbé wàrà dídì wá fún un.

"Ìyàwó mi lọ́la, kí ló dé tí o ò wo ojú mi?"

"Radoy, ta lo mọ̀ lórí òkè?"

"Igba àgùntàn, ajá mẹ́ta."

"Mi ò ṣeré. Obìnrin wo?"

Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀. "Kò sí. Kí lẹ̀jẹ̀ mi wí?"

Ó sọ fún un. Radoy gbé wàrà kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. "Èmi lo gbà gbọ́ ni, àbí àwo?"

Ojú Vesela tún lọ sára àwo. Ọkùnrin náà sì jáde.

Ìgbà náà ló tó sáré tọ Dókítà Gena lọ, ó ń sunkún. Ìyá àgbà wo àwo náà, ó wò ó, ó lu itan. "Ihò kejì ńkọ́? Èyí tí à ń kán ẹ̀jẹ̀ àgùntàn lásán sí, tí kò ní àrùn lára?"

"Ẹ ní ká máa fò ó, Mà, kí ẹ̀jẹ̀ lè tó wa lò."

"Yéè! Ẹ̀bi mi ni. Pe ọmọ yẹn padà. Èmi ni mo máa ṣe é fúnra mi, ìwọ má fọwọ́ kàn án."

Radoy padà wá. Òun àti Vesela jókòó sórí bẹ́ǹṣì lóde yàrá, wákàtí méjì gbáko. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbá ilẹ̀kùn, nítorí bí tábìlì bá mì, àwo bàjẹ́. Èémí wọn gan-an, wọ́n ń fà á díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ̀rù ń bà mí," ni Radoy wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Mo ti ń ro gbogbo ife tí mo fi mumi rí. Mo ti ń fura sí ara mi."

Vesela di ọwọ́ Radoy tó tutù bí yìnyín mú. "Mo gbà ẹ́ gbọ́."

"Àwo ò tíì sọ̀rọ̀."

"Èmi ni mò ń sọ̀rọ̀. Bó bá tẹ́ pàápàá, oògùn wà, a ó wò ẹ́ sàn, mo ṣì ń fẹ́ ẹ. Dárí jì mí, jàre. Ẹ̀rù ló bà mí."

Radoy kò gba ọwọ́ rẹ̀ padà.

"Ẹ wọlé!" Gena ń jó lórí ẹsẹ̀ kan. "Ihò méjèèjì ló tẹ́! Ẹ̀jẹ̀ àgùntàn lásán náà ni ẹ̀jẹ̀ Radoy ń bá jà! Kì í ṣe àrùn ló rí, àgùntàn tó ń bá gbé ló rí!"

Ó po omi ẹ̀jẹ̀ Radoy mọ́ ẹ̀jẹ̀ àgùntàn lásán kí ó bá a jà tán, ó yọ omi tó ṣẹ́ kù, ó tún dán an wò lọ́jọ́ kejì. Bọ́tìnnì méjì, wọ́n ṣù rùbùtù! Ó fọwọ́ sí ìwé lójú ẹsẹ̀.

Ní Sátidé, Stanka, tó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀, fúnra rẹ̀ bu búrẹ́dì, ó tì í bọ oyin, ó fi sẹ́nu àna rẹ̀. "Jẹun, darandaran. Ẹ̀rù ti jẹ ẹ́ lẹ́ran." Ẹran sísun pọ̀ títí dé ìta, bánítísà gbígbóná, àkàrà oníwàrà dídì, ò kúrò lórí tábìlì, a di ara wa lọ́wọ́ mú, a jó yí ìyàwó ká. Nígbà tí oòrùn ń lọ, oníkálukú gba ilé lọ pẹ̀lú ikùn yíyó, ìyàwó àtọkọ náà sì tẹ̀lé ara wọn gun òkè lọ.