Orúkọ Tí Maïmounatou Sọ Àwọn Ará Ilé Wa

Ní Kika ni mo ti kọ́kọ́ rí Maïmounatou, lọ́jọ́ ọjà. Èmi àti oníbàárà kan tó sọdá ẹnubodè láti Ṣakí, tí kò gbọ́ èdè wa, ń ná iṣu, òun ń sọ gẹ̀ẹ́sì, èmi náà ń dá a lóhùn. Ọmọbìnrin kan dúró tì wá, ó ń wo ẹnu mi bí ẹni tó ń wo sinimá.

Nígbà tí oníbàárà lọ, ó súnmọ́ mi. "Tonton, ẹ jọ̀ọ́, níbo lẹ ti kọ́ gẹ̀ẹ́sì?"

Inú bí mi díẹ̀. Irùngbọ̀n mi ò tíì kún, ó ń pè mí ní tonton bí àbúrò bàbá rẹ̀. "Ìdí iṣu ni mo ti kọ́ ọ," mo ní. "Nafiou ni wọ́n ń pè mí."

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì bá mi délé.

Ọmọ Savè ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Tchaourou. Ó fẹ́ lọ kẹ́kọ̀ọ́ nípa àrùn iṣu ní yunifásítì kan ní Gáná, ṣùgbọ́n wọ́n ní ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yege nínú ìdánwò gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ ló ń dà á láàmú. Tó bá kọ́ ọ lónìí, yóò ti fò lọ kó tó dọ̀la.

Mo ní màá kọ́ ọ. Irọ́ ni. Gẹ̀ẹ́sì tèmi ò kọjá iye owó àti ẹrù mọ́tò. Kò pẹ́ tó fi mọ̀, síbẹ̀ kò lé mi. Tí mo bá gbé e lórí alùpùpù, á máa ka ọ̀rọ̀ sí mi létí, èmi náà á máa tún un pè. Báyìí ni ìfẹ́ ṣe wọ̀ wá lára.

Màmá mi ni kò gbà. "Nafiou, ọmọ náà dára, mi ò sọ pé kò dára. Ṣùgbọ́n òyìnbó tó ń kọ́ yẹn, ẹrù ló ń dì. Ó máa lọ, kò ní bọ̀ mọ́."

"Màmá, ó máa bọ̀."

"Ṣé òun ló sọ fún ẹ, àbí ìwọ lò ń sọ fún ara rẹ?"

Ẹ̀rù yẹn gan-an ló ń bà mí.

Nígbà tí Màmá rí i pé mi ò jẹun dáadáa mọ́, ó gbà, wọ́n sì so yìgì wa. Ẹ kúkú mọ̀ pé ìyàwó kì í pe àwọn tó bá nílé ọkọ lórúkọ wọn. Òun ló máa fún kálukú ní orúkọ tí yóò máa pè é. Màmá ti ń retí Ìbàdí-àrán àti Adúmáadán.

Maïmounatou kúnlẹ̀ lágbàlá, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Djibril àbúrò mi, tí kì í gbé ọkọ́ sílẹ̀ àfi tí ilẹ̀ bá ṣú, ó pè é ní Dílíjẹ́ntì. Sikirath, àbúrò wa obìnrin tí a máa ń bẹ̀ kó tó dìde, di Rilọ́tántì. Ẹ̀gbọ́n wa obìnrin, tí ẹyọ aṣọ kan kì í tó rán ìró fún, di Abọ́ńdántì. Inú ọ̀rọ̀ ìdánwò rẹ̀ ló ti kó gbogbo wọn jáde. Ó ní tí òun bá ń rí ojú wọn láràárọ̀, àwọn ọ̀rọ̀ náà ò ní lè fò lọ mọ́.

Ẹ̀gbọ́n wa bi í pé kí ni ìtumọ̀ tòun.

"Ẹni tí oore pọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ni, tata," ó dáhùn. Ìyàwó mi gbọ́n.

Màmá fajú ro. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kan tí omi tán ní ìkòkò, mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Rilọ́tántì, ṣé o ò ní dìde ni?" Sikirath sì dìde. Láti ìgbà náà, bí òun àti ìyàwó mi bá jọ ń bó iṣu, Màmá á bi í pé, "Èwo ló tún kàn? Ọmọ Djibril ò tíì lórúkọ."

Maïmounatou lọ ṣe ìdánwò ní Cotonou, ó yege. Gáná ní kó máa bọ̀. Inú mi dùn, inú mi sì bàjẹ́.

Tonton Imorou, àbúrò bàbá mi tó jẹ́ olórí ẹbí, pè wá jọ. "Ó máa tó ọdún méjì kó tó parí," ó ní. "Tó bá fẹ́ lọ, kó lọ, ká fẹ́ ẹlòmíràn fún Nafiou."

"Mi ò fẹ́ ẹlòmíràn," mo ní. "Òun nìkan ni mo fẹ́."

"Ìyá rẹ ni mò ń bi."

Màmá tún ìborùn rẹ̀ ṣe. "Akọ̀wé," ó ní. Orúkọ tóun náà sọ tonton nìyẹn nígbà tó jẹ́ ìyàwó tuntun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé tonton ò kàwé rí. "Ta ló sọ yín ní Akọ̀wé?"

"Ẹ̀yin ni, ìyàwó wa."

"Bí ẹlòmíràn bá dé, tó ní òun fẹ́ máa pè yín ní nǹkan míì ńkọ́?"

Tonton wolẹ̀, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Mi ò ní dáhùn."

"Sikirath náà ò ní dáhùn. Ìyàwó kan ti sọ àwọn ọmọ mi lórúkọ, ó sì ti mọ́ mi lẹ́nu. Ilé rẹ̀ nìyí. Yóò lọ, yóò sì bọ̀. Bọ́n, ọ̀rọ̀ ti parí, ẹ jẹ́ ká jẹun."

Maïmounatou fi ìborùn bojú, ó ń sunkún jẹ́ẹ́.

Lọ́jọ́ tó ń lọ, mo ti to gẹ̀ẹ́sì kan sílẹ̀ tí màá fi sọ ọkàn mi fún un ní gáréèjì. Bí mo ṣe la ẹnu, ó fi ìka bo ètè mi.

"Ọkọ mi, ẹ fi Nàgó ilé wa sọ ọ́. Gẹ̀ẹ́sì máa pọ̀ lọ́hùn-ún."

"Mo fẹ́ràn ẹ, Maïmounatou. Tètè bọ̀ wá bá mi."

"Ẹ tún un sọ," ó ní.

Mo ń tún un sọ títí mọ́tò fi gbéra.