Ẹni Tó Dúró Lẹ́yìn Ihò

Ẹsẹ̀ Jóṣúà ni Ràṣídátù kọ́kọ́ rí kó tó rí ihò. Ọmọbìnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ tábìlì sinúkà, igi ti wà láàárín ìka rẹ̀, bọ́ọ̀lù dúdú nìkan ló sì kù kó gbá wọlé kí géèmù àkọ́kọ́ lè di tirẹ̀. Lẹ́yìn ihò igun ọ̀tún tó ń fojú sùn gan-an, sálúbàtà aláwọ̀ ewé kan ń mì díẹ̀díẹ̀, bí ẹni pé orin kan ń lọ lọ́wọ́ tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Ó gbójú sókè. Jóṣúà rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i.

"Gbá a, àbúrò mi," ló wí. "Gbogbo Àgbówó ló ń wò ẹ́."

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín, kí ẹ má baà rò pé sálúbàtà lásán ló ń bí ọmọ yìí nínú. Ní àwọn ọdún 1990 tí mò ń wí yìí, tí epo mọ́tò wọ́n bí ojú, tí àwọn yunifásítì ń tì tí wọ́n ń ṣí, ó ṣòro kí èèyàn rin àdúgbò kan já nílùú Ìbàdàn kó má rí tábìlì sinúkà. Ti Àgbówó wà lábẹ́ àtíbàbà páànù kan lọ́nà Bódìjà. Bàbá Akínbíyì ló ni ín. Àdúgbò kọ̀ọ̀kan ní ẹgbẹ́ tirẹ̀, wọn a sì máa lọ ko ara wọn lójú lọ́jọ́ Sátidé. Ìdíje ńlá kan ń bọ̀ ní Dùgbẹ̀, kò sì sí ọmọ Àgbówó tó mọ igi í dì mú tí kò fẹ́ kí wọ́n mú òun lọ.

Jóṣúà wà nínú ẹgbẹ́ yẹn tẹ́lẹ̀. Ràṣídátù, ọmọbìnrin ọdún mẹ́rìndínlógún tó wà ní kíláàsì àgbà kejì ní girama, ló nà án nídìí tábìlì lójú gbogbo èèyàn tó sì gba àyè rẹ̀. Jóṣúà kò gbà bẹ́ẹ̀. Ó fi ẹjọ́ sùn, ó ní oríire lásán ni. Ni Ọlálẹ́yẹ, olórí ẹgbẹ́, bá ṣe àdéhùn kan: bí Ràṣídátù bá na ẹni tí àdúgbò Mọ́kọ́lá bá gbé wá, òun ni yóò lọ sí Dùgbẹ̀. Bí ó bá fìdí rẹmi, kó gbé àyè Jóṣúà fún un padà. Ẹ ò rí nǹkan? Jóṣúà wá di ọmọ Àgbówó tó ń gbàdúrà fún Mọ́kọ́lá.

Òfin abẹ́ àtíbàbà náà kò pọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dúró lẹ́yìn ihò tí ẹlòmíràn ń fojú sùn, torí ojú a máa kúrò lára bọ́ọ̀lù lọ sára ẹsẹ̀. Bí ẹnìkan bá dúró síbẹ̀, ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù á nàró, á ní, "Ṣí ihò." Kó yẹra náà nìyẹn, ìbáà ṣe ọ̀gá ọlọ́pàá.

Ràṣídátù mọ òfin yìí dáadáa. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti wọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ti ń sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀ pé àròyé ni obìnrin mọ̀, pé bí ọwọ́ bá le díẹ̀, ẹkún ló kàn. Kò fẹ́ fún wọn ní ohun tí wọn yóò sọ. Ó wo Ọlálẹ́yẹ, bóyá yóò sọ̀rọ̀. Ọlálẹ́yẹ ń wo páànù òkè. Ràṣídátù gbé ọ̀rọ̀ náà mì.

"Ó dà bíi pé ó ti ń gbọ̀n," Jóṣúà sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, sókè tó tí gbogbo èèyàn fi gbọ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín.

Inú ọmọ náà ru. Etí rẹ̀ gbóná, gbogbo ara rẹ̀ le bí igi tó dì mú. Ìwà ìkà gbáà ni, kí ẹni tí ẹ jọ ń jẹ́ orúkọ àdúgbò kan máa ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọ. Kò rí bọ́ọ̀lù dúdú mọ́. Ojúgun Jóṣúà ló ń wò. Ó fi gbogbo agbára gbá a.

Bọ́ọ̀lù funfun kò tilẹ̀ fara kan dúdú. Ó fò kúrò lórí tábìlì. Jóṣúà yẹ̀ ẹ́. Bàbá Akínbíyì tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn rẹ̀ ni bọ́ọ̀lù náà bà lórúnkún.

Bàbá di orúnkún mú.

"Ta lo fẹ́ pa?" ni wọ́n bi í.

Ràṣídátù kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ẹ máà bínú. Ẹ̀yin kọ́ ni mo—"

"Mo mọ̀ pé èmi kọ́. Mo rí ẹni tó dúró síbẹ̀. Kí ló dé tí o ò ní kó ṣí ihò?"

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n ní mò ń ráhùn, sà."

"O ò kúkú ráhùn," ni Bàbá wí, wọ́n ń fọwọ́ ra orúnkún. "O sọ mí lókò. Èwo ló dáa jù níbẹ̀? Dìde, jàre. Wọ́n ti jẹ ọ́ ní ọ̀kan."

Bẹ́ẹ̀ ni. Bọ́ọ̀lù tó bá fò síta nígbà tó bá ku dúdú, géèmù ti lọ nìyẹn. Àyànkúnlé, ọmọ iṣẹ́ mẹkáníìkì tí Mọ́kọ́lá gbé wá, ń pa ẹfun sí orí igi rẹ̀, kò wo ẹnikẹ́ni lójú. Ẹni tó bá kọ́kọ́ jẹ méjì ló borí.

Wọ́n to bọ́ọ̀lù padà. Géèmù kejì gùn. Nígbà tó tún ku dúdú nìkan, tí Ràṣídátù sì bẹ̀rẹ̀ sí ihò àárín, sálúbàtà aláwọ̀ ewé náà tún dé.

Ọmọ náà nàró. Ó gbé igi rẹ̀ dùbúlẹ̀ sórí tábìlì.

"Jóṣúà, ṣí ihò."

"Èmi? Ṣé èmi ni mo di igi mú fún ẹ ni?"

"Ṣí ihò."

"Ẹ gbọ́ o, ó ti bẹ̀rẹ̀. Mo ṣáà sọ fún yín."

"Inú ń bí mi sí ẹ," Ràṣídátù wí. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì fi pamọ́. "O fẹ́ kí Àgbówó fìdí rẹmi kí o lè rí àyè. Mi ò ní gbá bọ́ọ̀lù yìí títí o fi máa kúrò níbẹ̀. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, mo wà níbí."

Àyànkúnlé ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ní ẹ̀yin lẹ bá mi jẹ ẹ́." Ẹ̀rín bú, ṣùgbọ́n orí Jóṣúà ni wọ́n rín in sí lọ́tẹ̀ yìí. Ó kósẹ̀ kúrò, ó jáde síta.

Ràṣídátù mí kanlẹ̀. Ó rọra ti bọ́ọ̀lù funfun, dúdú sì yí lọ wẹ́rẹ́, ó wọlé. Ọ̀kan sí ọ̀kan.

Ìbá dùn mọ́ mi kí n sọ pé ó jẹ ẹ̀kẹta. Kò jẹ ẹ́. Àyànkúnlé mọ iṣẹ́. Ó gbá géèmù tó kẹ́yìn láìṣi ọwọ́ kan, kò sì sí ẹni tó dí ẹnikẹ́ni lójú. Àyè ìdíje Dùgbẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ Ràṣídátù lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

Ó lọ bá Ọlálẹ́yẹ. "Bọ̀ọ̀dá, ẹ rí i nígbà tó dúró síbẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́."

"Mo rí i," Ọlálẹ́yẹ wí. "Mo rò pé kí o fara dà á ni. Ìdíje nira jù bẹ́ẹ̀ lọ."

"Òfin yín ló rú, ẹ sì ń wo òkè. Inú ń bí mi sí ẹ̀yin náà, sà."

Àdéhùn ti wà nílẹ̀, Ọlálẹ́yẹ kò sì ní yí i padà. Jóṣúà ló lọ sí Dùgbẹ̀. Àyànkúnlé ti dé ẹnu ọ̀nà kó tó yíjú padà.

"Àbúrò," ló wí, "ká ní o ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn ní géèmù àkọ́kọ́, èmi ni ǹ bá sorí kọ́ dé Mọ́kọ́lá lónìí."

Ọ̀rọ̀ yẹn dun Ràṣídátù ju gbogbo yẹ̀yẹ́ Jóṣúà lọ, torí òótọ́ ni.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ọjọ́ ń bọ̀ tí ojú gbogbo èèyàn yóò wà lára yín, nínú yàrá ìdánwò ni o, lórí pápá ni o, ẹnìkan yóò sì mọ̀ọ́mọ̀ dúró síbi tí kò yẹ kó dúró. Ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti bínú. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé dídákẹ́ ni agbára. Ẹ nàró, ẹ gbé igi sílẹ̀, ẹ sọ ohun tó ń dùn yín fún ẹni tó ṣe é, nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí ìbínú bá fi lè sọ̀ kalẹ̀ dé ọwọ́, kò ní mọ ẹni tó ń lù mọ́.